Kọ̀ǹpútà Màmá Ló Jẹ̀bi

Ní Ọjọ́ Àìkú kan, akọ̀wé ìjọ wa ka ìkéde ìgbéyàwó ọmọ ìjọ kan, ó ní ìgbà kejì nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún kà á, ó tún ní ìgbà kejì nìyí. Ẹni tó bá dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà yóò ti mọ̀ pé wàhálà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń ké e, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra lè sọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà kẹta ni àlùfáà tó lè so wọ́n pọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Ìyàwó ti gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, màlúù ti wà lórí ìso, ìwé ìfilọ̀ sì ní ìgbà kejì la ṣì wà. Ìyá ìyàwó dìde láàárín ìjọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ka ìkẹta mọ́ ọn, ká lè relé lọ dáná.” Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já, nítorí màmá mi ló tẹ ìwé ìfilọ̀ náà.

Ọdún tí Màmá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n gba iṣẹ́ ìwé ìfilọ̀ sọ́wọ́. Wọn kì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀, àfi “ẹ kú iṣẹ́ Olúwa” tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì tó wọn. Bàbá mi ló ra kọ̀ǹpútà alágbèéká náà fún wọn kí bàbá tó kú. Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ wa ní Adigbẹ ló ń gbé. Màmá fi òwú hun aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ń bò ó kí eruku má bà á. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọn yóò wẹ̀, wọn yóò wọ aṣọ tó dára, wọn yóò fi awò sójú, wọn yóò jókòó sídìí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì kẹfà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà kò yí padà rí. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé òfìfo. Ìfilọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n máa ń ṣí, wọn yóò yí ohun tó bá yẹ kó yí, wọn yóò sì fi í pamọ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìjọ ni kì í yí: ìpàdé àwọn ìyá, ìdánrawò akọrin, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Déètì, ìkéde ìgbéyàwó àti orúkọ àwọn aláìsàn nìkan ni èèyàn ní láti ṣọ́. Ní àárọ̀ Ẹtì, akọ̀wé ìjọ yóò wá fi fúláàṣì gbà á, yóò lọ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìgbà kejì ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, akọ̀wé pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ní, “Màmá, ẹ kú ìsìn. Kọ̀ǹpútà yín yìí ti darúgbó o.”

Màmá ní, “Òun fúnra ẹ̀ kúkú ń sọ fún mi láràárọ̀.”

Òótọ́ ni. Ìkìlọ̀ kan máa ń jáde lójú rẹ̀ bí wọ́n bá ti tàn án, pé wíńdò tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń gbé gbogbo kọ̀ǹpútà rìn, ti parí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò ní dáàbò bò ó mọ́. Kí oníkọ̀ǹpútà tètè gbé tuntun wọlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibi méjì wà tí èèyàn lè tẹ̀: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ báyìí, tàbí kí wọ́n rán èèyàn létí tó bá yá. Láràárọ̀ ni Màmá ń tẹ èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà ń dà mí láàmú. Ní ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà, níbi tí mo ti ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yí padà. Ọ̀gá wa sì ti kó wa jọ, ó ṣàlàyé bí àwọn olè ṣe ń gba inú èyí tó bá ti gbó wọlé. Inú kọ̀ǹpútà Màmá sì ni gbogbo orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, láti ìgbà tí ikán ti jẹ ìwé ńlá inú yàrá aṣọ àlùfáà. Mo ń rò ó pé bí a bá yí i, orúkọ wọ̀nyẹn lè sọnù. Bí a kò bá yí i, olè lè kó wọn. Ohun tí mo ń pè ní ìṣòro mi nìyẹn nígbà náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, nítorí ìṣòro tó ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ni.

Kò pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ fi yíwọ́. Akọ̀wé dé orí àwọn aláìsàn nínú ìfilọ̀. Ó ń ka orúkọ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń kà á, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, kí ó tó mọ̀ pé òun ti ka orúkọ bàbá kan tí a sin ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Gbogbo wa la lọ síbi ìsìnkú náà. Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé. Opó bàbá náà wà ní ìlà kẹta lápá òsì, nínú aṣọ dúdú. Ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo yíjú wo Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ń ṣí ìwé orin, ọwọ́ wọn ń wá orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè.

Bí ìsìn ṣe parí, Màmá la àárín èrò kọjá, wọ́n lọ kúnlẹ̀ fún opó náà. Obìnrin tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì kejì, tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ó yára gbá wọn mú kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀ tán. “Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́. Kọ̀ǹpútà ni.”

“Kọ̀ǹpútà ni,” ni gbogbo ẹni tó dúró tì wọ́n ń wí. Bàbá wọ́dìn, tó jẹ́ àgbà ìjọ, sọ pé kí n gbé e lọ tún ṣe kíákíá, pé ìjọ yóò dá sí i. “Tó bá sì wá di tuntun tán tí nǹkan ò tún rí bákan náà, ká jẹ́ kí Màmá sinmi. Wọ́n ti ṣe é tó.” Wọ́n fi ìfẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo pariwo jù lọ níbẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣe iṣẹ́kíṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo tilẹ̀ bú u.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fi aṣọ funfun yẹn wé e, mo gbé e lé itan nínú máruwá lọ sí Òkè-Ìlèwó. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tó ti bá ọ̀pọ̀ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣiṣẹ́. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe é. Mo ní ó ń dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà.

Ó wò mí. “Kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà.”

Ó ṣí i, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ó sì ní ara rẹ̀ le. Wíńdò tuntun yóò gbà á, ìdajì ọjọ́ ni yóò gba òun. Òun yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé inú rẹ̀ síbòmíì, òun yóò fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé òun yóò nu inú rẹ̀ mọ́ kanlẹ̀, kò sí orúkọ ọmọ kankan tí yóò sọnù. Lẹ́yìn náà ló yí ojú rẹ̀ sí mi. “Ẹ wá wo nǹkan, sà.”

Ó fi ìwé tí Màmá tẹ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ka orúkọ olóògbé yẹn hàn mí. Mo rò pé ẹyọ kan ni. Márùn-ún ni. Màmá ti sọ èkíní ní “Ìfilọ̀”, èkejì ní “Ìfilọ̀ gidi”, ẹ̀kẹta ní “Ìfilọ̀ gidi gan-an”, ẹ̀kẹrin ní “Èyí ni”, ẹ̀karùn-ún ní “Kì í ṣe èyí”. Nínú “Èyí ni”, orúkọ bàbá tó kú ti kúrò, gbogbo rẹ̀ mọ́ dáadáa. “Kì í ṣe èyí” ni Màmá fún akọ̀wé.

Mo jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà ń fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà tí kò dọ̀tí. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí òun ṣe é ni, àbí kí òun má ṣe é. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Kí ni mo ń rò? N óò sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù olè kò bà mí mọ́. Ẹ̀rù pé yóò dára ló ń bà mí. Bí kọ̀ǹpútà bá di tuntun tí àṣìṣe náà sì ń bọ̀ síbẹ̀, orí ta ni ẹ̀bi yóò bọ́ sí? Wọn yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá, wọn yóò ní kí wọ́n sinmi. Mo mọ ohun tí ìsinmi ń ṣe fún àgbà ilé wa. A ní kí bàbá mi sinmi lẹ́yìn ọkọ̀ wíwà. Kò pé ọdún kan tí kò fi jáde kọjá géètì mọ́, tó jẹ́ pé ẹnu géètì náà ló ti ń bi èèyàn pé ọjọ́ wo la wà. Kò sí nǹkan mìíràn tí Màmá ń wẹ̀ tí wọ́n sì ń múra fún láàárín ọ̀sẹ̀ àfi Ọjọ́bọ̀. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló dúró láàárín màmá mi àti ohun tí gbogbo wa yóò máa pè wọ́n.

Mo gbé e padà sílé bí mo ṣe gbé e lọ. Mo sọ fún Màmá pé oníṣẹ́ ní òun ṣì ń wá nǹkan kan fún un. Ohun kan náà ni mo sọ fún bàbá wọ́dìn lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà, mo di ayẹ̀wéwò ìkọ̀kọ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí Màmá wà ní kíṣìnnì, n óò sáré ṣí àwọn ìwé náà, n óò kà wọ́n, n óò tún wọn ṣe, n óò pa ìyókù rẹ́, n óò sì fi aṣọ bò ó padà. Ìfilọ̀ wá ń jáde láìlábùkù. Àwọn èèyàn ń kí Màmá, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti gbọ́ràn. Inú mi kò dùn rárá. Irọ́ tí mò ń pa ti tó gba ilé tirẹ̀ gbé.

Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ńlá kan ṣubú dí ọ̀nà ní Ewékorò. A jókòó sójú kan láti aago mẹ́rin, eruku funfun ń wọlé láti fèrèsé, kò sí síwájú, kò sí sẹ́yìn. Òógùn bò mí. A fẹ́ ké ìgbéyàwó kan nígbà kẹta lọ́sẹ̀ náà, àwọn aláìsàn sì pọ̀. Mo pe akọ̀wé, mo ní kó má wá gba ìfilọ̀ láàárọ̀ Ẹtì, kọ̀ǹpútà ń ṣe bákan, kó jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kò burú. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bi mí bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn nílé. Mo ní rárá. Ó ní bí mo ṣe ń wo aago ló jẹ́ kí òun bèèrè.

Ọjọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn tí a jẹ àkàrà àti ògì tán, Màmá pè mí sí pálọ̀. Wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Ọkọ mi, kí ni oníṣẹ́ yẹn sọ gan-an?”

“Ó ní ó ti gbó jù, Màmá. Ó ní tuntun ò lè gbà á.”

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Bó o ṣe ń purọ́ ní kíláàsì kẹta náà lo ṣì ń purọ́. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ lo máa ń wò.”

Mo gbójú sókè, ó ti pẹ́ jù.

“Akọ̀wé ní o ní kọ̀ǹpútà ń ṣe bákan lọ́jọ́ tí o wà lọ́nà Ewékorò. Èmi sì jókòó tì í níbí, kò ṣe nǹkan kan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ta ló ń pa ìwé mi rẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀? Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé márùn-ún ni mo fi sílẹ̀?”

Ẹ̀rù bà mí bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ọbẹ̀.

“Àtọjọ́ ìkéde ìgbéyàwó yẹn ni mo ti mọ̀,” ni Màmá wí. “Mo jókòó sídìí ẹ̀, mo rí ìgbà kejì, mo ní mo ti yí i. Mo rí ara mi níbi tí mo ti ń yí i, bí mo ṣe ń rí ẹ yìí. Mi ò sì tíì fọwọ́ kàn án.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Mo rí i pé o ti gbá kọ̀ǹpútà mú. O ń bú u kíkan kíkan níwájú ìjọ. Mo ní kí n jẹ́ kó o ṣì dì í mú fúngbà díẹ̀. Àràárọ̀ ló ń bi mí pé ṣé kí òun yí padà, àràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ pé tó bá yá, ọmọ mi ò tíì ṣe tán.”

Omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi rò pé èmi ni mo ń bo Màmá láṣìírí, àwọn gan-an ni wọ́n ń bo èmi.

Wọ́n jẹ́ kí n nu ojú mi tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ohùn olùkọ́ sọ̀rọ̀. “Gbé e lọ, kí wọ́n yí i. Opó yẹn tún sunkún ọkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí mi, lójú gbogbo ayé. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó o wá jókòó tì mí, má sá wá nígbà tí mo bá wà ní kíṣìnnì mọ́. N óò sọ fún àlùfáà fúnra mi. Tí wọ́n bá ní kí n sinmi, a ó jọ gbọ́ ọ.”

Mo ní a gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà. Wọ́n ní a ó lọ.

Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e padà sí Òkè-Ìlèwó. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kò dá mi lójú, kó máa ṣe é lọ. Mo dúró tì í láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó ti rì bọmi bí ó ṣe ń dá wọn padà. Kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Mo gba àyè Ọjọ́bọ̀ náà pẹ̀lú.

Màmá wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n fi awò sójú, wọ́n jókòó. Mo fa àga tì wọ́n. Wọ́n tàn án. Ojú rẹ̀ ti yí padà: àwọ̀ mìíràn, àwòrán mìíràn, ibi tí wọ́n máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìkìlọ̀ àràárọ̀ náà kò jáde. Ọwọ́ Màmá dúró lókè, kò mọ ibi tí yóò sọ̀ sí. Ohun tí mo ti ń sá fún nìyẹn, ó wá wà níwájú mi, mo sì rí i pé mo lè wò ó. Mo mú ọwọ́ náà, mo gbé e sí ibi tó yẹ. Ọwọ́ wọn tutù.

A ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Màmá ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, èmi ń dáhùn pé ó yí tàbí kò yí. Ìpàdé àwọn ìyá, kò yí. Ìdánrawò akọrin, kò yí. Déètì, wọ́n yí i fúnra wọn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, a yọ ẹnì kan tí ara rẹ̀ ti yá, a fi ẹnì kan tó wà ní ọsibítù kún un. Mo rò pé a ti parí. Màmá tún tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wá lẹ́tà pẹ̀lú ìka kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ tiwọn ni wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ orúkọ àwọn aláìsàn.

Mo na ìka sí i. “Màmá, ṣé kí n pa á rẹ́?”

“Fi í síbẹ̀. Kí wọ́n máa gbàdúrà fún mi, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n bọ́ awò wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ọ̀sẹ̀ yìí la ó ṣí, yóò ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá tó kó kúrò, kó o tètè yọ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n kà á sí ẹ létí.”

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo fi ìwé náà pamọ́. Mo sọ ọ́ ní “Ìfilọ̀”, mi ò fi nǹkan mìíràn kún un.